Dáì àtijọ́ tí ò lórúkọ lára: bí mo ṣe ń mọ kátíríìjì tó ni ín

Àǹtí kan láti Ìjẹmọ̀ ló gbé àpótí irin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àdátán lóṣù tó kọjá, orí ọ̀kadà ló gbé e sí, ọlọ́kadà ń kùn títí torí àpótí yẹn wúwo bí òjé. Bàbá wọn ló ni ín. Bàbá lọ kàwé ní Amẹ́ríkà láyé àwọn 1960, ó máa ń bá àwọn òyìnbó lọ sígbó ọdẹ níbẹ̀, ìgbà tó ń bọ̀ nílé ó fi ìbọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún ṣùgbọ́n ó kó irinṣẹ́ ẹ̀ wálé, ẹ mọ bí àwọn bàbá yẹn ṣe máa ń ṣe, wọn kì í da nǹkan nù. Bàbá ti wá sùn báyìí, àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ní Lafẹ́nwá sì ti fẹ́ fi kìló ra gbogbo ẹ̀. Àǹtí ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó ná kí n tó tà á, dáì ni Dádì máa ń pè é." Ọmọ iṣẹ́ mi tí ìyá ẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú gbọ́ dáì, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ rẹ aṣọ ni.

Dáì tí Dádì ń sọ, irin oníhò táwọn òyìnbó fi ń tún èèpo ọta ìbọn ṣe ni. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́ta lórúkọ gidi lára, mẹ́jọ yòókù, òmíì wọ́n fi ìṣó ha nǹkan sí i lára, òmíì ò ní nǹkan kan rárá. Èmi tó jẹ́ ìdí léètì ni mo ti ń jẹun láti ogún ọdún, ara mi yá, mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.

Kí n tètè sọ èyí ká má bàa ṣi ara wa gbọ́. Dáì fúnra ẹ̀, irin lásán ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan àfi tó bá já lé yín lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ọta tó ṣì pé nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, tàbí agolo ẹ̀tù, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má fi òòlù kàn án, ẹ má fi iná kàn án, ẹ má gbé e wọ mọ́tò kiri ìgboro, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá wá kó o. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì wà ńbẹ̀, kò sì fàyè gba kéèyàn jókòó sí yàrá ẹ̀ máa ṣe ọta. Bí a ṣe ń dá irin mọ̀ ni mò ń kọ níbí, kì í ṣe bí a ṣe ń lò ó.

Ó dáa. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà, ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù, kò kàn wọ́n. Àwọn tó ń lo ìbọn kátíríìjì (èèpo, ẹ̀tù àti ọta tó wà lẹ́nu ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni kátíríìjì), tí wọ́n bá ti yìn ín tán wọ́n á ju èèpo ẹ̀ nù. Òyìnbó ọdẹ kì í ju tiẹ̀ nù, torí idẹ ni èèpo yẹn, owó ni. Tó bá ti yìn ín, agbára iná á ti fẹ èèpo náà díẹ̀, wọ́n á wá tì í bọnú dáì kó lè sún kì padà sí ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ ti rí i báyìí pé bí mọ́ọ̀dì tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni dáì rí, bí inú ẹ̀ bá ṣe rí ni èèpo tó máa tibẹ̀ jáde máa rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé inú dáì ni kẹ́ ẹ bi léèrè, ẹ má tíì gba ti ìta gbọ́.

Torí kí ni? Torí àwọn wáìlíkáàtì. Wáìlíkáàtì ni wọ́n ń pe kátíríìjì tí ilé-iṣẹ́ kankan ò ṣe, ẹnì kan ló jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, ó mú èèpo tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe, ó fún ọrùn ẹ̀ (apá tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tó gbá ọta mú) pọ̀ kó lè gba ọta tó tín-ín-rín, tàbí ó gé e kúrú, tàbí ó ti èjìká ẹ̀ (ibi tí ara èèpo ti dagun wọ ọrùn) síwájú kí ẹ̀tù púpọ̀ lè wọ̀ ọ́, ó wá sọ ọ́ lórúkọ tó wù ú. Àwọn míì nínú wọn di ọmọ gidi nígbà tó yá. Èyí tí wọ́n ń pè ní .25-06 wà káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Remington, ilé-iṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà, tó gbà á sílé ní 1969. .35 Whelen ti wà láti 1922. P. O. Ackley tó ń ṣe ìbọn ní Colorado, tirẹ̀ pọ̀ débi pé orúkọ ẹ̀ ti di bí orúkọ ìdílé, "Ackley Improved" lẹ máa rí lára dáì. Ṣùgbọ́n àìmọye ló wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é àtọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ló lò ó, wọ́n kú, ó kú.

Orúkọ tún máa ń dàrú. Ẹ wo .22-250. J. E. Gebby ló pe tiẹ̀ ní Varminter ní 1937, ó sì fòfin dè é kí ẹlòmíì má lo orúkọ yẹn, làwọn tó kù bá ń pe tiwọn ní .22-250, torí ìyá ẹ̀ ni .250 Savage tó jáde ní 1915. Oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wá ní bí tiẹ̀ ṣe rí, èjìká ti èyí dagun díẹ̀ ju tìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ kí Remington tó sọ ọ́ di ọ̀kan ṣoṣo ní 1965. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí dáì tó ti pẹ́ ju 1965 lọ tí wọ́n kọ .22-250 sí lára, ẹ má tíì dá a lójú.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìta ṣáá, torí ìta náà ní ohun tó ń sọ. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sáńdípépà kan inú ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n gan-an lẹ fẹ́ ha dànù yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ wo tírẹ́ẹ̀dì ìta ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni 7/8 íǹṣì tó ní tírẹ́ẹ̀dì 14 nínú íǹṣì kan, ìyẹn bíi 22.2 mìlímítà ní ìbú. Tó bá jẹ́ 5/8 pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì 30 tó wẹ́ bíi ti ara tọ́ọ̀ṣì, ti ilé-iṣẹ́ Lyman tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ bíi ẹ̀mú nìyẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní 310. Èyí tó bá tóbi ju 7/8 lọ dáadáa, fún àwọn kátíríìjì abìkùn ńlá ni. RCBS, tí Fred Huntington dá sílẹ̀ ní California ní 1943, máa ń kọ orúkọ kátíríìjì sí orí dáì ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ tún máa rí nọ́ńbà méjì níbẹ̀, bíi 71 tàbí 78, ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n, ẹ má lọ fi wá kátíríìjì.

Ohun tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ mọ irú dáì tó jẹ́, ibí gan-an ni èmi ti kọ́kọ́ ṣubú. Dáì tó ń sún èèpo kì ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀pá náà, kókó roboto kan sì wà lókè abẹ́rẹ́. Dáì tó ń ti ọta sórí èèpo ò ní abẹ́rẹ́, ihò tó dà bí ife ló wà lẹ́nu ọ̀pá tiẹ̀, inú ẹ̀ sì gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n níbẹ̀ máa tóbi díẹ̀ ju èèpo gan-an lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọrùn nìkan ni wọ́n ń fún, ara wọn ò kan èèpo rárá, ọrùn nìkan ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ nínú irú ìyẹn. Òmíì wà tí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó le bí àpáta Olúmọ, kò ní ọ̀pá kankan, fáìlì ni wọ́n fi ń gé ẹnu èèpo lórí ẹ̀. Èyí tó wá ń tan èèyàn jẹ jù ni dáì ìrọ, tí wọ́n máa ń kọ FORM 1, FORM 2 sí lára, tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan. Wáìlíkáàtì míì ò ṣeé rọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fún un pọ̀, dáì ìrọ wá jẹ́ ààbọ̀ ọ̀nà lásán. Èmi wọn ọ̀kan báyìí, odidi ọ̀sán kan, mo gbà pé mo ti rí kátíríìjì tẹ́nì kan ò mọ̀ rí, mo ti pe àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Pańṣẹ́kẹ́ sọ fún wọn, àṣé ààbọ̀ ọ̀nà ni mo ń wọ̀n, ìkejì ẹ̀ wà nínú àpótí níbẹ̀ tó ń wò mí.

Ní báyìí ẹ mú kálípà, irinṣẹ́ tá a fi ń wọn ìbú nǹkan. Èyí tó ní bátìrì dára torí ó máa ń yí íǹṣì sí mìlímítà, íǹṣì sì làwọn òyìnbó yìí fi ń sọ̀rọ̀, mìlímítà 25.4 ló wà nínú íǹṣì kan. Ẹ yọ ọ̀pá àárín, ẹ wọn kókó roboto yẹn. Kókó yìí ló ń sọ ìwọ̀n ọta fún yín, torí ó máa ń kéré sí ọta fúnra ẹ̀ ní bíi .001 tàbí .002 íǹṣì. Tẹ́ ẹ bá rí .222 tàbí .223, ọta .224 ni. .241 tàbí .242, ọta .243. .255 tàbí .256, .257 nìyẹn. Bí .306 tàbí .307 bá jáde, .308. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ṣá, torí orúkọ àti ọta kì í sábà bára mu: ọta .270 jẹ́ .277, ti .280 jẹ́ .284, ti .303 àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ nǹkan bíi .311. Àwọn tó ń sọ ọmọ lórúkọ yìí náà ló mọ ohun tí wọ́n rí.

Tí ọ̀pá bá ti sọnù ńkọ́? Mẹ́ta nínú mọ́kànlá yẹn ò ní ọ̀pá. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo kó àwọn bíìtì dírìlì mi jáde, mo yí wọn padà, ẹ̀yìn wọn tó dán ni mo ń kì bọ ọrùn dáì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí èyí tó wọlé láìmì àti èyí tó tẹ̀lé e tó kọ̀. Ìwọ̀n ọrùn wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọrùn yìí kì í ṣe ìwọ̀n ọta o, ọta pẹ̀lú awẹ́ idẹ méjì lápá ọ̀tún lápá òsì ni, tí wọ́n sì tún fún díẹ̀ sí i. Ọrùn .30-06 tó ti lọ́ta lẹ́nu jẹ́ .340, ti .25-06 jẹ́ .290, ti .22-250 jẹ́ .254, dáì á sì dín sí ìyẹn díẹ̀.

Ó kù kẹ́ ẹ mọ bí inú ṣe rí, ìyẹn gba kéèyàn da nǹkan sí i kó gan, kó sì yọ ọ́. Àwọn òyìnbó ń lo irin kan tó ń jẹ́ Cerrosafe, omi gbígbóná lásán lè yọ́ ọ, láàárín 70 sí 88 sẹ́ńtígíréèdì ló ń yọ́, ó máa ń sún kì nígbà tó bá kọ́kọ́ tutù, ó wá ń wú padà díẹ̀díẹ̀, tó bá ti tó bíi wákàtí kan ó ti bá inú irin náà dọ́gba, ìgbà yẹn ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Èmi ò ní in. Àwọn ará àtijọ́ ń yọ́ imí-ọjọ́ dà á, òórùn ẹ̀ á lé aládùúgbò jáde, ó sì máa ń gbiná, ẹ fi í sílẹ̀. Àbẹ́là ń sún kì jù. Òjé gbígbóná náà ń sún kì, ó tún lè há sínú dáì, ẹ má dán an wò.

POP ni mo lò. Bẹ́ẹ̀ ni, POP tí wọ́n ń fi ṣe sílíìnì. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe é, mo ní kó bu ike kan fún mi. Bí mo ṣe ṣe é rèé: mo yọ ọ̀pá, mo fi ẹ̀gbọ̀n òwú dí apá òkè dáì títí dé ibi tí ọrùn parí sí, èyí ṣe pàtàkì gan-an torí òkè ibẹ̀ ní tírẹ́ẹ̀dì nínú, tí POP bá wọ ibẹ̀ ó ti há nìyẹn, fífọ́ lẹ máa fọ́ ọ jáde. Mo fi ìka fi Vaseline ra inú ẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tó bá nípọn á ba ìwọ̀n jẹ́. Mo po POP bí ògì tó ki díẹ̀, mo dà á láti ìdí dáì, mo gbá a pẹ́pẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, mo fi wáyà kan sí i láàárín kí n lè rí nǹkan fà. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà mo fi igi ti òwú látòkè, ó yọ jáde. Ẹni tó bá ti yọ mọ́ínmọ́ín nínú agolo rí ti mọ bó ṣe ń rí, àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìkejì jáde pẹ̀lú ọrùn àti èjìká ẹ̀ ṣáṣá.

POP ò lè fún yín ní ìwọ̀n tó péye tó Cerrosafe, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lẹ máa fi lé e. Ṣùgbọ́n ìdílé lẹ kọ́kọ́ ń wá, ìyẹn sì tó láti mọ ìdílé. Bí ọmọ ò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá, wáìlíkáàtì ò sì lè sá fún ìyá tó bí i torí ìdí èèpo ò ṣeé yí padà bọ̀rọ̀. Ẹ wọn apá ìdí, níbi tó fẹ̀ jù. Tó bá wọ bíi 11.9 mìlímítà, ìdílé .30-06 àti Mauser nìyẹn, agbo ilé ńlá ni, .308 wà níbẹ̀, .270 wà níbẹ̀, .25-06, .257 Roberts, .250 Savage, ọ̀kẹ́ àìmọye. Tó bá jẹ́ nǹkan bíi 9.5, ìdílé .222 àti .223. Bíi 10.6 ń tọ́ka sí .30-30 tó ní etí lẹ́yìn. Bíi 11.3 lè jẹ́ .220 Swift ti 1935. Bó bá tó 13, ìdílé .375 H&H tó ti wà láti 1912 ni, àwọn yẹn ní ìgbànú nídìí, ṣùgbọ́n ẹ lè má rí ìgbànú nínú dáì torí ìdí èèpo kì í wọlé tán, bíi 3 mìlímítà máa ń kù síta nínú ohun tó gbá a mú. Ẹ rántí 3 mìlímítà yìí, a ṣì máa nílò ẹ̀. Ìwọ̀n dáì náà á sì máa kéré díẹ̀ sí ti ìwé nígbà gbogbo, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣàpẹẹrẹ. Dáì keje, wọ́n fi ìṣó ha "25 IMP" sí i lára, ó tán. Kókó roboto ẹ̀ wọ 6.5 mìlímítà, ìyẹn .256, ọta .257 nìyẹn. Ìdí POP wọ 11.8. Ìyá mẹ́ta ló lè bí irú ọmọ yìí: .250 Savage, .257 Roberts tó jẹ́ pé Mauser 7x57 ni ìyá tiẹ̀, àti .25-06. Báwo la ṣe máa yà wọ́n? Gígùn ni. Láti ìdí títí dé ibi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀, .250 Savage jẹ́ bíi 38 mìlímítà, Roberts 43.9, .25-06 49.5. Mo wọn POP, mo rí 42.9, mo fi 3.2 tó kù síta kún un, ó di 46.1. Kò bá ìkankan mu! Mo fi í sílẹ̀, mo lọ jẹun.

Ìgbà tí mo padà dé ni mo rántí ohun tí Ackley máa ń ṣe. Ó máa ń ti èjìká síwájú, ṣùgbọ́n ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, torí ó fẹ́ kí ìbọn náà ṣì lè yin ti ilé-iṣẹ́. Nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ kí n wọ̀n. Láti ìdí POP dé ibi tí ọrùn bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 45.4, pẹ̀lú 3.2, ó di 48.6. Ti Roberts nìyẹn gẹ́lẹ́, torí èjìká Roberts tó dagun ní dígírì 20 àti díẹ̀ máa ń lọ pàdé ọrùn níbi 48.6 náà.

Ó wá ku dígírì èjìká, ẹ sì lè fi fóònù yín ṣírò ẹ̀, kò gba ìwé ńlá. Èjìká fẹ̀ ní 11.5, ọrùn jẹ́ 7.2, ẹ yọ ìkan nínú ìkejì, ó ku 4.3, ìdajì ẹ̀ 2.15. Gígùn èjìká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ọrùn jẹ́ 2.5. Ẹ fi 2.5 pín 2.15, ó jẹ́ 0.86, ẹ wá tẹ tan tó ní -1 lórí nínú kàkúlétọ̀, ó máa gbé nǹkan bíi 41 jáde. Ackley ń lo dígírì 40. Bí POP bá gbé 41 wá fún mi, mi ò ní bá a jà, .257 Ackley Improved ni dáì keje. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe yàtọ̀ tó, èjìká .30-06 gangan dagun ní 17 àti ààbọ̀ péré, ó gùn ní bíi 4 mìlímítà, ti Ackley tó jẹ́ ọmọ ẹ̀ ò tó 2, ojú lásán lè rí i.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìkẹsàn-án. Wọ́n kọ WASP sí i lára gàdàgbà. Àǹtí ní ṣé agbọ́n ni Dádì fẹ́ máa sìn ni. Ìdí ẹ̀ wọ 10.6, ọta .224, ó kúrú, .219 Donaldson Wasp ni, Harvey Donaldson ló ṣe é láyé àwọn 1930, ìdílé .30-30 ló ti mú un. Orúkọ àti inú irin bára mu níbí, ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi wé àwòrán. Àwọn àwòrán SAAMI ti Amẹ́ríkà àti C.I.P. ti Yúróòpù, àwọn àjọ tó ń pinnu ìwọ̀n kátíríìjì, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ti ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìyá. Ti wáìlíkáàtì fúnra ẹ̀, ẹ wá àwòrán àwọn tó ń ṣe ríma (irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú ìbọn) fún àwọn oníbọn, wọ́n máa ń tọ́jú àwọn tó ti pẹ́ gan-an. Ẹ má kàn ya fọ́tò dáì kẹ́ ẹ máa bi èèyàn pé kí lèyí, kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n láti ìta. Ìwọ̀n márùn-ún ni kẹ́ ẹ kọ: ọta, ọrùn, èjìká, ìdí, àti gígùn láti ìdí dé ọrùn. Ẹ fi dígírì kún un.

Àwọn tó bá kọ̀ tí wọn ò jẹ́ orúkọ kankan, ẹ kọ ìwọ̀n wọn sí bébà, ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ dáì, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Méjì nínú ti bàbá yìí ṣì wà báyìí, ọ̀kan jọ .250 Savage tí wọ́n fún ọrùn ẹ̀ pọ̀ sí .243, ṣùgbọ́n èjìká ẹ̀ wà níbòmíì, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀.

Mo kó mẹ́sàn-án padà fún Àǹtí pẹ̀lú orúkọ wọn nínú ọ̀rá. Màmá wọn ló gbà wọ́n, wọ́n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ò ta á fún ará Lafẹ́nwá mọ́. Agbọ́n wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá.